Nánò

Àfòmọ́ tí a ń fi ṣáájú orúkọ òṣùwọ̀n ni nánò. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan ṣoṣo ni nanomítà. Nanopátíkù ni èérún tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 100 nanomítà lọ. Fífẹ̀ fọ́nrán irun orí kan tó bí 80,000 nanomítà. Ní Yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn onímọ̀ ti fi èèpo obì, àní ilé aláǹtakùn pàápàá, ṣe nanopátíkù fàdákà.

Lílo nanopátíkù ti wọ inú ìtọ́jú mẹlanómà, jẹjẹrẹ awọ ara tó burú jù. Lára aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ló sábà ń yọjú sí. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ló ti mú olórin Bob Marley, ó sì pa á ní 1981. Àgbẹ̀ kan ní Ṣakí tó ní i lè rò pé ẹ̀gún ló gún òun.

Nínú ìtọ́jú oníìmọ́lẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ bá kan oògùn tí aláìsàn gbà, oògùn náà yóò sọ ọ́síjìn inú ara di májèlé fún jẹjẹrẹ. Àmọ́ àwọ̀ dúdú inú kókó mẹlanómà ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì kó tó wọlé jìnnà. Kí oògùn náà lè pọ̀ tó nínú kókó láìka ìyẹn sí, àwọn onímọ̀ ń dì í sínú nanopátíkù, èyí tó ń gba ara iṣan ẹ̀jẹ̀ kókó tó ń jò wọlé. Nanopátíkù góòlù tilẹ̀ ń sọ ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí di ooru tó ń jó kókó náà láti inú.

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ṣì wà ní yàrá ìwádìí. Iṣẹ́ abẹ ní kùtùkùtù ló ṣì dájú jù, nítorí náà, kí ẹni tí àmì dúdú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń fẹ̀ sí i tètè fi han dókítà.