Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Padà: Ìtàn Sítíkà Tó Ń Tàn Lára Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí sítíkà tó máa ń tàn yanran lára ọkọ̀ lóru tí iná mọ́tò bá bà á. Tí èèyàn bá fẹ́ fi irú rẹ̀ kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sára ọkọ̀, ọ̀rá wo ni kó fi bò ó lórí? Ṣé gloss tó ń dán ni, àbí matte tí kì í dán? Ẹ lè ní, “Ṣebí ẹwà lásán nìyẹn.” Rárá o. Ìtàn tó ti lé ní 80 ọdún ló máa dá wa lóhùn.

Ojú ológbò

Ní 1934, Percy Shaw, ará Halifax nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi orúkọ iṣẹ́ tuntun kan sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ojú ológbò ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ó ki gíláàsì bọ inú rọ́bà, ó rì í mọ́ àárín ọ̀nà, kí iná ọkọ̀ tó bá bà á lè padà sójú awakọ̀. Rọ́bà yẹn ló wú mi lórí jù. Bí táyà bá ti gùn ún, rọ́bà á tẹ̀ wọlé, á sì nu ojú gíláàsì náà. Ìyẹn ni pé ohun tó bá bo ojú gíláàsì ló ń pinnu bóyá iná máa padà.

Ìlẹ̀kẹ̀ tó wẹ́ bí iyanrìn

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ 3M to ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì kéékèèké sórí ohun tí a lè lẹ̀ mọ́ pátákó, wọ́n sì pè é ní Scotchlite. Ní 1939, wọ́n gbé àmì ojú ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe sí Minneapolis. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ká ìmọ́lẹ̀ jọ sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ohun dídán tó wà níbẹ̀ á dá a padà gba ọ̀nà tó gbà wá. Dígí ìwojú lè ju ìmọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ yìí á dá a padà fún ẹni tó tan iná.

Àléébù wà níbẹ̀ o. Níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti wà níta gbangba, omi òjò á bò ó, ìmọ́lẹ̀ kò ní ká jọ síbi tó yẹ mọ́, àmì á ṣókùnkùn. Alẹ́ òjò gan-an ni awakọ̀ sì nílò rẹ̀ jù! Nígbà tó yá, wọ́n ri ìlẹ̀kẹ̀ sábẹ́ ike tó mọ́ gaara, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú. Omi ń ṣàn lórí rẹ̀, kò kàn án.

Ní àwọn ọdún 1990, Bírítéènì ṣe àwòrán onígun mẹ́rin aláwọ̀ yẹ́lò àti búlúù fún ọkọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n sọ ọ́ ní Battenburg, orúkọ kéèkì kan tó jọ ọ́. Wọ́n fẹ́ kí èèyàn dá ọkọ̀ náà mọ̀ láti 500 mítà lọ́sàn-án.

Ọ̀rá tó bò ó

Ọ̀rá ìbòrí ń gba sítíkà lọ́wọ́ oòrùn, iyanrìn àti epo. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá: ìgbà tó ń wọlé, àti ìgbà tó ń jáde. Ká sọ pé ó gba 10 nínú 100 nígbà àkọ́kọ́, 90 ló kù. Tó bá tún gba ìdá kan nínú mẹ́wàá nígbà tó ń jáde, ó di 81.

Ojú gloss tẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá tààrà. Ojú matte rí ṣákaṣàka, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ lè má mọ̀ ọ́n. Ó dà bíi gíláàsì fèrèsé balùwẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, ṣùgbọ́n ó ń fọ́n ká. Sítíkà tó yẹ kó dá iná padà fún awakọ̀ á wá fọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ dànù.

Èmi tí mò ń ya fídíò jẹun mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn matte: kì í kọ mànà sí kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo tírélà tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lóru, tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti kú. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi 28 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí awakọ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta pẹ́ rí sítíkà yẹn, ó ti lé ní 80 mítà.

Tí ẹ bá fẹ́ matte, ẹ fi sí ibi tí kò yẹ kó tàn. Ibi tó yẹ kó tàn, ẹ fi gloss bò ó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ègé kan lọ́wọ́ oníṣẹ́, ẹ wọ inú òkùnkùn, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sí ẹ̀gbẹ́ ojú, ẹ tàn án sí i. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ tún un wò. Èyí tó bá dá iná yín padà ni kí ẹ mú.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ rọra wakọ̀ o.