OWÓ Ọ̀YÀ ÀTI ỌJỌ́ Ọ̀LA ÒṢÌṢẸ́: ÌTÀN ILẸ̀ MẸ́TA

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ní ayé àtijọ́, oko, ẹbí àti ọmọ ni ìfẹ̀yìntì àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ olówó oṣù dé, tí ènìyàn fi oko baba rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí ìdí rélùwéè, ìbéèrè tuntun dìde: ta ni yóò bọ́ òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ tí àìsàn, ìjàǹbá tàbí ogbó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tí ó bá ń fi owó oṣù ilẹ̀ kan wé ti òmíràn, tí kò béèrè èyí, kò tíì wọn ọ̀rọ̀ náà délẹ̀.

Ilẹ̀ Jámánì ni ó kọ́kọ́ fi òfin dáhùn. Kì í ṣe àánú nìkan ni ó sún Bismarck, olórí ìjọba ibẹ̀, sí i. Ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ ń gbilẹ̀. Ó ti fi òfin dè wọ́n ní 1878, ó sì fẹ́ fa ọkàn òṣìṣẹ́ mọ́ra. Ní 1883, òfin adójútòfò àìsàn jáde. Òṣìṣẹ́ ń san ìdá méjì nínú mẹ́ta owó àjọdá náà, agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan. Aláìsàn ń rí ìtọ́jú, ó sì lè gba ìdajì owó ọ̀yà fún ọ̀sẹ̀ 13. Ní 1884, ẹrù ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ di ti agbanisíṣẹ́. Ní 1889, owó ogbó dé fún ẹni tí ó bá pé ọdún 70, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ tí ń pé ọdún náà nígbà náà kò pọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1908 fún arúgbó ẹni ọdún 70 tí kò ní lọ́wọ́ ní owó tí ó tó ṣílè 5 lọ́sẹ̀, láìjẹ́ pé ó ti dá owó kankan sílẹ̀. Lloyd George, mínísítà ètò ìnáwó, lọ wo ètò Jámánì ní ọdún náà gan-an. Ní 1911, òfin adójútòfò tiwọn náà jáde: òṣìṣẹ́ ọkùnrin ń san pẹ́ńsì 4 lọ́sẹ̀, agbanisíṣẹ́ 3, ìjọba 2.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni ó ń ṣàkóso Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò kó ètò náà wọ ọkọ̀ wá síhìn-ín. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà gbówó lórí. Ìjọba fi owó ọ̀wọ́n ọjà kún owó oṣù ní 1942, síbẹ̀ ọjà ń sáré jù ú lọ. Ní oṣù kẹfà 1945, òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 30,000 daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń béèrè ṣílè 2 àti sísì lóòjọ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, àti àfikún ìdajì lórí owó ọ̀wọ́n ọjà. Michael Imoudu, olórí òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ìjọba ti lé kúrò ní Èkó ní 1943, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìtúsílẹ̀ ni. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà ju oṣù kan lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ìgbìmọ̀ Tudor Davies fọwọ́ sí àfikún náà.

Ìṣẹ́gun ńlá ni. Ṣùgbọ́n owó ọwọ́ ni a jà fún, a kò tíì kan ọjọ́ ọ̀la. Àpò ìfowópamọ́ òṣìṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1961 kò fúnni ní owó oṣooṣù lọ́jọ́ ogbó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń kó owó léni lọ́wọ́. Owó oṣù tí ó kéré jù jẹ́ ₦125 ní 1981, ó di ₦70,000 ní 2024; ṣùgbọ́n bí owó náà ti ń ga ni agbára náírà ń rẹlẹ̀. Òfin 2004 mú ètò àjọdá wá; láti 2014, òṣìṣẹ́ ń dá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ ń dá 10. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò ni kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ọmọ ni ìfẹ̀yìntì irú wọn títí di òní. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ Nàìjíríà kì í ṣe ẹni tí kì í san owó àjọdá. Ó ń san án ní ìparí oṣù fún baba, fún ìyá, fún àbúrò tí ń ṣàìsàn, láìsí agbanisíṣẹ́ tí yóò fi ìdá tirẹ̀ kún un. Ohun tí òfin pín sí èjìká mẹ́ta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1911, èjìká kan ni ó ń rù ú níhìn-ín. Ẹni tí yóò bá fi owó oṣù wé owó oṣù, kí ó ka ẹrù yìí mọ́ ọn.