Òfin Boyle àti Àríyànjiyàn tí ó Bí I

Orúkọ Robert Boyle ni a fi ń pe òfin tí ó sọ pé, bí ìwọ̀n ooru kò bá yí padà, bí a bá tẹ gáàsì inú ohun tí a dé pa ní ìlọ́po méjì, àyè tí ó gbà yóò di ìdajì. Ìtàn fi hàn pé kì í ṣe ọwọ́ Boyle nìkan ni òfin yìí ti wá.

Robert Hooke ni ó bá Boyle ṣe ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò ní 1659. Ìwé Boyle lórí rẹ̀ jáde ní 1660. Ní 1661, àlùfáà kan, Francis Line, ta kò ó: ó ní afẹ́fẹ́ kò lágbára tó láti gbé mẹ́kúrì ró nínú ọ̀pá gíláàsì, okùn kan tí ojú kò rí ni ó fà á sókè.

Láti fèsì, Boyle da mẹ́kúrì sínú ọ̀pá gíláàsì tí a tẹ̀ bí ìwọ̀, tí a dí ẹnu rẹ̀ kan. Nígbà tí mẹ́kúrì apá tí ó ṣí fi nǹkan bí íǹṣì 29 ga ju ti apá kejì lọ, afẹ́fẹ́ tí ó há síbẹ̀ sún kì di ìdajì. Ó tẹ àbájáde yìí ní 1662.

Boyle fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé Richard Towneley ni ó dá àbá ìbátan yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, orúkọ Mariotte ni wọ́n so mọ́ òfin kan náà. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Alátakò pàápàá wà lára àwọn tí ó gbé e.