Orúkọ Ti Lọ, Owó Ṣẹ́ Kù Sẹ́yìn

Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ orúkọ sára géètì rẹ̀ ní Sango-Ọ̀tà, ẹ̀ẹ̀kan ló sanwó fún ẹni tó kun ún. Orúkọ tó ń jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀: bí owó ilé ni, ọdọọdún ni wọ́n ń san án. Bí wọ́n bá wá gbé orúkọ náà kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á fún wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tí wọ́n sanwó ẹ̀ẹ̀méjì, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà pín òwò yìí ló bí àṣìṣe náà.

Ọ̀fẹ́ ni orúkọ .com títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, nígbà tí Network Solutions bẹ̀rẹ̀ sí í gba 100 dọ́là fún ọdún méjì. Òun nìkan ló ń tà á, kò síbi tí èèyàn lè gbé orúkọ lọ. Wọ́n dá ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ ní 1998, ó sì di 1999 kí àwọn mìíràn tó máa tà. Láti ìgbà náà, lánlọ́ọ̀dù kan ló ń tọ́jú ìwé orúkọ gbogbo, àwọn ajẹ́ńtì tí wọ́n ń pè ní ríjísírà ń tà, àwọn alátùntà sì wà lábẹ́ wọn. Ọ̀nà kan náà ni .ng, orúkọ ti Nàìjíríà, tọ̀, èyí tí Ibukun Odusote ti Yaba College of Technology kọ́kọ́ bójú tó láti 1995, tó bọ́ sọ́wọ́ NITDA, àjọ ìjọba, ní 2004, kí ẹgbẹ́ NiRA tó gbà á.

Ká ní orúkọ .com ilé-iṣẹ́ ọ̀rá kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìròkó parí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, 2024. Ajẹ́ńtì tún un ṣe fúnra rẹ̀, ó gbowó ọdún kan. Lọ́jọ́ 2 oṣù kẹrin, ilé-iṣẹ́ gba kóòdù tí wọ́n fi ń gbé orúkọ, ó gbé e lọ. Ajẹ́ńtì tuntun náà gbowó ọdún kan. Akáńtáǹtì ń retí 2026, àmọ́ 2025 ló bá nínú ìwé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láàárín ọjọ́ 45 tí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ bá wáyé, bí orúkọ bá kó lọ, lánlọ́ọ̀dù á fagi lé ọdún ti àkọ́kọ́, á sì dá owó rẹ̀ padà fún ajẹ́ńtì àtijọ́. Kò sì sí ohun tó mú kí owó náà kọjá lọ́wọ́ ajẹ́ńtì yẹn dé ilé-iṣẹ́. Nínú ìwé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí àṣìṣe kankan!

Wọ́n lè ní ẹ̀bi olórúkọ ni, tí kò tètè gbé e kó tó parí. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ímeèlì ẹni tó ṣe wẹ́ẹ̀bù fún wọn ni ìkìlọ̀ sábà máa ń lọ. Ẹlòmíràn á ní kí ẹnì kan ṣoṣo padà máa tà á. Ọ̀tà ti rí ẹnì kan ṣoṣo rí nídìí iná mànàmáná: NEPA di PHCN, PHCN fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún IBEDC ní oṣù kọkànlá 2013, orúkọ orí bíìlì ń yí padà, bíìlì àfojúdá ń bá a lọ, títí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná, fi fi gbèdéke sí i ní 2020. Ti .com tiẹ̀ sàn, torí pé ẹnikẹ́ni lè wo ọjọ́ tí orúkọ máa parí nínú ìwé lánlọ́ọ̀dù, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rìsíìtì. Ká ní ilé-iṣẹ́ ọ̀rá yẹn wò ó, tó sì ní sùúrù di oṣù karùn-ún kó tó gbé orúkọ rẹ̀, 2026 ni ì bá bá níbẹ̀.