Yan

Yan, ní ohùn àárín, ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa. Kì í ṣe yàn, tí í ṣe iṣẹ́ àwọn afọbajẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe yán, tí í ṣe ti ẹni tí oorun ń kùn. Sísun ni ti iṣu, tí iná ń lá lára. Dídín ni ti àkàrà, ọmọ epo. Ṣùgbọ́n yíyan ni ti gàrí, tí ooru agbada àti ọwọ́ tí kì í sinmi ń sọ di gbígbẹ. (Ẹja náà bá wọn pín nínú orúkọ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èéfín ni tirẹ̀.)

Nítorí náà, ẹni tí ó wà ní ilé rẹ̀ ní Gwarinpa, ní Àbújá, tí ó bu hóró kọfí tútù láti òkè Mambilla ní Taraba, tàbí láti ilẹ̀ Kàbà ní Kogi, sínú agbada lórí gáàsì, tí ó ń rò ó títí àwọ̀ ewé fi di pupa rúsúrúsú, tí ó sì ń tẹ́tí sí títa rẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ooru bá sún mọ́ 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kọfí ni ó ń yan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn agbada, kí hóró náà sinmi fún ọjọ́ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Ti kọfí ẹ̀sípírẹ́sò, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Ítálì, yàtọ̀: omi gbígbóná ni ẹ̀rọ ń fi ipá tì gba inú kọfí lílọ̀ kúnná, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Bí a bá ń wá orúkọ Yorùbá fún iṣẹ́ yìí, kí a má pè é ní àtẹ̀jáde, nítorí ìwé ìròyìn ti gba ìyẹn. Fífún ni èmi fara mọ́.