Köln, Ìlú Adé Mẹ́ta, àti Ilé Tí Ó Gba Ọdún 632

Kí ọkọ̀ ojú irin tó máa já àlejò sílẹ̀ ní Köln, kí ọkọ̀ eléèéfín sì tó máa ná odò Rhine, òkú mẹ́ta ni ó ti ń ránṣẹ́ pe ayé wá sí ìlú náà. Ní ọdún 1164 ni Rainald von Dassel, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìlú Köln, ẹni tí Olú-ọba Frederick Barbarossa fọkàn tán púpọ̀, kó egungun kan kúrò ní Milan tí ogun ọ̀gá rẹ̀ ti ṣẹ́, egungun tí àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà gbà pé ti àwọn Amòye tí ó wá kí Jésù ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni. Ìkógun ni, ẹ má jẹ́ kí a fi ewé bò ó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọba tí wọ́n bá dé ládé ní Aachen ti ń wá kúnlẹ̀ ní Köln, adé mẹ́ta sì wà lára àmì ìlú náà títí di òní.

Köln kì í ṣe ọmọ àná nígbà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Agrippina sí ní ọdún 15, ọmọ Germanicus ọ̀gágun, aya Claudius olú-ọba, ìyá Nero òṣìkà. Nígbà tí ó sì dé ààfin Róòmù, kò ṣe bí odò tí ó gbàgbé orísun, nítorí òun ni ó mú kí wọ́n gbé ibùgbé kékeré náà ga ní ọdún 50, tí wọ́n sọ ọ́ di ìlú àwọn ọmọ Róòmù, tí wọ́n pè é ní Colonia, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ kún un.

Egungun náà di orísun ọrọ̀. Nicholas ará Verdun, alágbẹ̀dẹ wúrà tí òkìkí rẹ̀ kàn, ni a ka púpọ̀ nínú iṣẹ́ àpótí wúrà tí wọ́n tẹ́ wọn sí sí lọ́wọ́. Nígbà tí àpótí náà sì tán, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ wá dà bí alákìísà tí a dé ládé. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: ní oṣù kẹrin ọdún 1248, bí wọ́n ti ń fi iná wó apá kan rẹ̀, iná bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì jó ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Konrad von Hochstaden fi òkúta ìpìlẹ̀ kàtídírà tuntun lélẹ̀, tí Gerhard, ọ̀gá mọlémọlé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àṣà ilé gíga onífèrèsé gígùn tí ó gbòde ní ilẹ̀ Faransé.

Wọ́n ya apá ìlà-oòrùn sí mímọ́ ní ọdún 1322. Ìyókù kò yá. Nígbà tí yóò fi di 1560, owó ti gbẹ, ẹ̀kọ́ Luther sì ti yí ọkàn ọ̀pọ̀ ará Jámánì kúrò lẹ́yìn bíbẹ egungun wò, wọ́n bá dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ onígi tí wọ́n fi ń fa òkúta sókè wà lórí ilé ìṣọ́ gúúsù tí kò parí, kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wà níbẹ̀ fún ohun tí ó ju 300 ọdún lọ, tí ó fi jẹ́ pé òun ni àlejò tí ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn fi ń mọ̀ pé òun dé Köln. Èmi kò mọ ìlú mìíràn tí iṣẹ́ àṣepatì di oríkì rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ní ọdún 1814 ni wọ́n rí ìdajì àwòrán àtijọ́ tí ó fi iwájú ilé náà hàn, awọ tí gígùn rẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ, ní Darmstadt, níbi tí ìtàn sọ pé ẹ̀wà ni wọ́n ń sá lé e. Ní 1816 ni wọ́n rí ìdajì yòókù ní Paris. Ní 1842, ọba Prussia, Friedrich Wilhelm Kẹrin, tí òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà, fi òkúta lélẹ̀ fún ilé àwọn Àgùdà. Wọ́n sọ ẹ̀rọ onígi náà kalẹ̀ ní 1868. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1880 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ ìparí rẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 157, kò sì sí ilé tí ó ga tó o láyé títí di 1884. Afárá ọkọ̀ ojú irin ti 1859, àti ti Hohenzollern tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 1911, ni wọ́n tẹ́ tààrà sí ojú kàtídírà, kí èrò lè máa wò ó bí ọkọ̀ ti ń wọ ìlú.

Ogun Àgbáyé Kejì dé. Ní 1941, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò ìsápamọ́ fún bọ́ǹbù lẹ́bàá kàtídírà, wọ́n kan ilẹ̀ ilé olówó Róòmù kan, òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ, tí wọ́n fi ya Dionysus, òrìṣà wáìnì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kọ́ lé e lórí ṣí ní 1974. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1942, ọkọ̀ òfuurufú tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ni ó wá sọ bọ́ǹbù sórí ìlú náà. Nígbà tí ogun fi parí, àárín Köln ti di òkìtì. Kàtídírà tí bọ́ǹbù bà léraléra ṣì dúró.

Ẹni tí ó bá wo kàtídírà nìkan tí ó sì sáré padà sínú ọkọ̀ kò tíì rí nǹkan: ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ 12 tí ó dàgbà jù ú lọ, pẹ̀lú St. Gereon láàárín wọn, ni àwọn ará ìlú fi sùúrù tún kọ́ lẹ́yìn ogun. Ilé Farina tí ó ti ń ta omi olóòórùn dídùn láti 1709 sì wà níbẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rautenstrauch-Joest kó lára ohun ààfin Ìbíní tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897 pamọ́; ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ni ìlú náà fọwọ́ sí i pé ti Nàìjíríà ni wọn. Milan pàápàá ti gba díẹ̀ nínú egungun tirẹ̀ padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Àwọn agbẹ́kùúta ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ kàtídírà, tí wọ́n ń yọ òkúta tí òjò àti èéfín ti jẹ, tí wọ́n ń fi tuntun sí i, nítorí náà kò wọ́pọ̀ kí àlejò dé kí ó má bá igi àkàbà lára rẹ̀. Àwọn ará Köln a máa ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí ni ayé yóò parí. Wọn kò sì fi ojú ẹni tí ó ń kánjú wò ó.