Ìtọpinpin Owó Òṣèlú: Ẹ̀kọ́ láti Ọ̀wọ̀

Ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ Action Group ní gbangba, ní ọjọ́ 28, oṣù kẹrin, ọdún 1951. Ní 1962, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker rí i pé owó àjọ ọjà kòkó ti gba ilé-iṣẹ́ kan dé àpò ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀, alátakò ẹgbẹ́ ọ̀hún, ló yan ìgbìmọ̀. Ìwé alátakò ni aláṣẹ sábà máa ń tú. Nítorí náà ni òfin ọdún 2011, tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, fi ṣe pàtàkì. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Tracka ń tọpa iṣẹ́ àkànṣe láti 2014. Olùkọ́ ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ọ̀sẹ̀ lè ka iye tí a kọ fún kànga, kí ó sì lọ wò ó bóyá omi wà níbẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.